Sítóòfù gáàsì olójú kan fún ìdílé tó ń lọ pàgọ́: oúnjẹ tó bá a mu, àti èyí tí kò bá a mu

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀ fún yín: ẹ rà á. Sítóòfù gáàsì olójú kan yìí, èyí tó rí pẹlẹbẹ tó ń wọ inú àpótí ike, tí wọ́n ń ki agolo gáàsì gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò gbówó lórí rárá, ó sì tó fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta tó fẹ́ lọ sùn nínú tẹ́ǹtì fún òpin ọ̀sẹ̀. Àmọ́ mi ò ní pọ́n ọn ju bó ṣe yẹ lọ o, torí ibi tí agbára ẹ̀ mọ ò jìnnà. Àwọn tó ń bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá wo ohun tí wọ́n ní àwọn gbé kaná, ẹ ó rí i pé ohun tó yẹ kí wọ́n ti sè nílé ni wọ́n rù lọ síbẹ̀.

Lílò ẹ̀ ò le. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ọrùn agolo gáàsì, ibì kan wà tí wọ́n gé níbẹ̀, ibi gígé yẹn ló gbọ́dọ̀ bá eyín kékeré tó wà lára sítóòfù mu, tí kò bá wọ̀ ọ́ ẹ má fi tipátipá tì í jàre, ẹ kàn yí agolo díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ ọwọ́ kékeré tó wà níwájú wálẹ̀, ẹ máa gbọ́ kẹ́, ẹ yí bọ́tìnnì, ó ta páà, iná aláwọ̀ búlúù ti yọ nìyẹn. Ẹ mú ìṣáná dání ṣáá o, torí ohun tó ń ta páà yẹn, tí ìrì bá ti sẹ̀ sí i mọ́jú, ẹ lè yí i títí kó má dá yín lóhùn.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni gáàsì. Agolo kan sábà máa ń jẹ́ gíráàmù 220 tàbí 227, sítóòfù tí agbára iná ẹ̀ bá jẹ́ kilowatt 2.1, tẹ́ ẹ bá ṣí i gbagada, bíi wákàtí kan ààbọ̀ ló máa fi jẹ agolo kan tán. Ẹ wá rò ó wò. Ẹ̀wà gbígbẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí oúnjẹ owó pọ́ọ́kú, tẹ́ ẹ bá gbé e kaná fún wákàtí kan, ó ti jẹ gáàsì ju ààbọ̀ agolo lọ, ó sì lè má tíì rọ̀, ẹ̀wà inú agolo tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mú gbóná ló wá jẹ́ ọ̀pọ̀ níbẹ̀ yẹn. Bí ẹran tó le náà ṣe rí nìyẹn. Tí mo bá ń kó ẹrù pàgọ́, ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ oúnjẹ kì í ṣe eélòó nìkan, iṣẹ́jú mélòó lórí iná ló ń ṣáájú.

Supagẹ́tì lọ̀gá gbogbo wọn. Bí mo ṣe ń ṣe é rèé: màá ṣẹ́ ẹ sí méjì, màá dà á sínú ike, màá bu omi tútù lé e lórí kó bò ó dáadáa, màá fi sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀ nígbà táwọn ọmọ ṣì ń sáré kiri, ó máa rọ̀ á sì funfun bíi pé ó ti bàjẹ́, kò bàjẹ́ o, ẹ má dà á nù. Tí omi inú ìkòkò bá ti hó, iṣẹ́jú kan sí méjì péré ló máa lò, ó ti jinná. Tẹ́ ẹ ò bá ráyè rẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó hó fún iṣẹ́jú méjì, ẹ pa iná, ẹ dé e pinpin, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé ìkòkò ẹ̀, ooru inú ẹ̀ á parí ìyókù, ẹ kàn fún un láyè díẹ̀ ju ti ilé lọ. Tòmátì inú agolo, àlùbọ́sà kan, sàdíìnì méjì tòun ti òróró inú ẹ̀, ẹ ò nílò òróró míì mọ́. Èèyàn márùn-ún á jẹ gíráàmù 500 yó, àwọn ọmọ tèmi sì máa ń lá ìsàlẹ̀ ìkòkò, èyí tó dín ìwẹ̀ kù fún mi.

Kúskúsì ò tiẹ̀ nílò kó wà lórí iná. Ife kúskúsì kan, ife omi gbígbóná kan, iyọ̀, ẹ dé e fún iṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi fọ́ọ̀kì tú u. Mo ka ìyẹn sí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, nígbà tí gbogbo èèyàn ti rẹ̀, tẹ́ǹtì ò tíì nà tán, tí ebi sì ń pa gbogbo ilé. Lẹ́ńtì pupa, irú ẹ̀wà kéékèèké kan, náà dáa, òun ò ní ká rẹ òun, iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ó ti fọ́, àmọ́ ẹ máa rò ó torí ojú kan ṣoṣo ni iná sítóòfù yìí ń gbóná sí, àárín ìkòkò á máa jó nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ò tíì hó. Ìyẹn ni ẹ̀sùn mi tó tóbi jù lórí ìdáná ẹ̀. Ìkòkò tí ìdí ẹ̀ nípọn ló máa gbà yín.

Àárọ̀ ò gbọ́dọ̀ gba gáàsì rárá, àfi ti tíì. Ẹ pò òòtì mọ́ mílíìkì lóru, ẹ dé e sínú kúlà, ilẹ̀ mọ́ ó ti rọ̀, ẹ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ ohun gbígbóná, ẹyin ni. Mo máa ń pò ó nílé tòun ti iyọ̀ àti ata, mo máa rọ ọ́ sínú ike olómi tó ní ìdérí tó dáa, kò sí pé ẹyin ń fọ́ nínú ẹrù, kò sí pé à ń wá ibi tá a máa da èèpo sí, àmọ́ ọjọ́ méjì ni mò ń fún un, ó sì gbọ́dọ̀ tutù látìgbà tá a ti kúrò nílé. Ẹ ti búrẹ́dì bọ inú ẹ̀, ẹ dín in, ó parí.

Lórí ọ̀rọ̀ kúlà: ẹ má fi omi mímu àti ẹran sínú kúlà kan náà tí agbára yín bá ká méjì, torí kúlà omi ni wọ́n ń ṣí ṣáá, yìnyín inú ẹ̀ ò lè pẹ́. Ọbẹ̀ tàbí ẹran tẹ́ ẹ ti sè nílé, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fìríìsà, nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, òun fúnra ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ yìnyín dọjọ́ kejì, ìgò omi tó dì náà bẹ́ẹ̀, ẹ máa mu ún tó bá yọ́. Inú kúlà kò gbọ́dọ̀ ju dìgírì 4 lọ. Ẹran, ẹyin tàbí oúnjẹ sísè tó bá ti wà níta fún wákàtí méjì, ẹ gbàgbé ẹ̀, tí oòrùn bá sì mú tó ju dìgírì 32 lọ, wákàtí kan péré ni.

Ó kù sí ibi tí sítóòfù yìí ti ń bí mi nínú. Afẹ́fẹ́ àkọ́kọ́. Tí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́, iná á máa sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi tíì lè gbà yín nígbà méjì iye ìṣẹ́jú tó yẹ. Àwọn kan máa ń fi fóìlì yí i ká kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé, ẹ má dán an wò o! Ooru máa padà sórí agolo gáàsì, agolo sì lè bú. Ohun kan náà ló fà á tí wọ́n fi ń sọ pé kí ìkòkò má tóbi ju òdiwọ̀n tó wà nínú ìwé pélébé inú páálí lọ, ìkòkò fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá bo ibi tí agolo wà, bó ṣe ń ta ooru sí i nìyẹn. Ẹ gbé sítóòfù sẹ́yìn mọ́tò tàbí ẹ̀yìn àpáta, ó tó.

Òtútù ìkejì. Gáàsì butane tó pọ̀ jù nínú àwọn agolo yìí, tó bá ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ òdo dìgírì, kò ní lè kúrò ní olómi di afẹ́fẹ́ mọ́, kódà kó tó débẹ̀ iná ẹ̀ á ti máa rọ, torí bó ṣe ń jó ni agolo fúnra ẹ̀ ń tutù. Ẹni tó bá ń lọ síbi olótùútù, kó ra agolo tí wọ́n fi gáàsì propane lú, tí sítóòfù ẹ̀ bá gbà á, tàbí kó gbé sítóòfù propane lọ, ìyẹn ò mọ òtútù.

Ìkẹta ò ní àwàdà nínú: ẹ má gbé e wọnú tẹ́ǹtì. Òjò ń rọ̀ kọ́ o, ẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn tẹ́ǹtì sílẹ̀ kọ́ o. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná ẹ̀ ń tú jáde, ò ní òórùn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti wọ̀ yín lára. Ọjọ́ tí òjò bá dè wá mọ́nú tẹ́ǹtì, búrẹ́dì àti bọ́tà ẹ̀pà la máa ń jẹ, kò sẹ́ni tó kú.

Àpótí ike ẹ̀, ẹ̀gbin ni. Ìkọ́ tó fi ń dé ti já lára tèmi, ẹni tó tà á fún mi ní kò sí nínú ohun tí òun ń pààrọ̀, okùn ni mo fi ń dì í báyìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣíṣe ìtọ́jú ẹ̀ rọrùn, pẹpẹ abẹ́ iná ń yọ, ẹ fi bébà nu òróró kúrò kó tó dì. Omi ìfọkòkò náà, ẹ gbé e jìnnà sí odò tó mítà 60 kẹ́ ẹ tó dà á.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tẹ́ ẹ bá ju mẹ́fà lọ, olójú méjì ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹ ò ní lè se ìrẹsì ẹni mẹ́jọ lórí eléyìí kí ẹni àkọ́kọ́ má ti jẹun tán kí ti ẹni ìkẹyìn tó jinná.