Ìrírí mi lórí gbígba àṣẹ láti wọ ilé tá a gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ní Èbúté Mẹ́ta

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún ilé ṣe ní Mainland, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó gba owó rẹ́ńtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Búngálò ni ilé bàbá wa tẹ́lẹ̀, a wá gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, yàrá iwájú nísàlẹ̀ sì di ṣọ́ọ̀bù. Ẹrù tó wà lórí ilé ti yí padà, ohun tá a ń fi ilé ṣe náà ti yí padà, méjèèjì ló sì gba àṣẹ.

LASPPPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ló ń fún èèyàn ní pẹ̀mítì láti kọ́lé. Ìwé tó máa sọ pé ilé ti parí, pé ó yẹ kéèyàn máa gbé inú ẹ̀, ọ̀dọ̀ LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, nìyẹn ti ń wá. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé àjẹ́ńtì kan ṣáà ń sọ fún màmá mi pé "Ẹ fọkàn balẹ̀ Mà, pẹ̀mítì yẹn ti tó, ẹ jẹ́ n kó ayálégbé wọlé." Irọ́ gbuu! Ó tún fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa pé òun mọ ẹni tó máa buwọ́ lù ú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá wo ilé, mo ní mi ò gbà, àkáǹtì ìjọba ni mo san gbogbo owó sí, risíìtì ẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Àyẹ̀wò gan-an ló wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀mítì rárá ni ọmọkùnrin kan ti wá láti lábù tí wọ́n ti ń yẹ ohun èlò ìkọ́lé wò, ó wá wo àwọn pílà àtijọ́, ó mú hámà kan dání tó rí gbọọrọ bíi tọ́ọ̀ṣì ọdẹ, sípíríǹgì ń bẹ nínú ẹ̀. Ó ha sìmẹ́ńtì ara pílà kúrò, ó tẹ ẹnu hámà mọ́ kọnkéré, ó dún kọ́, ó ka nọ́ńbà tó ń fi bí kọnkéré ṣe le tó hàn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sún díẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé pílà ẹ̀gbẹ́ kíṣíìnì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ó ní "Àǹtí, èyí ò lè gbé òkè o."

Ẹnjiníà wa ní ká fi irin àti kọnkéré tuntun wé e yí ká. Owó gidi ni, ẹ̀gbọ́n mi tó ń fowó ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní ṣebí ilé yẹn ti wà látìgbà tá a ti wà ní kékeré. Ó wà lóòótọ́, páànù ló sì gbé, kò gbé dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré ilẹ̀ òkè, rí. Mo rán wọn létí Ìta Fàájì, oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tó wó tàwọn ọmọ iléèwé wà lókè ẹ̀. Wọ́n fowó náà ránṣẹ́.

Nígbà tíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan la ń pe àwọn LASBCA sí, ìpìlẹ̀ pílà tuntun, irin dẹ́kìn ká tó da kọnkéré bò ó, ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tiẹ̀. Wọ́n tún ń bu kọnkéré tá a pò sínú àpótí irin kékeré, tó bá ti gan wọ́n á lọ fọ́ ọ ní lábù, òmíì ní ọjọ́ 7, òmíì ní ọjọ́ 28, kí wọ́n lè mọ bó ṣe lágbára tó. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà kánjú da nǹkan bo irin kí wọ́n tó wò ó o, torí àwọn ìwé ìpele yìí ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín nígbẹ̀yìn.

Ẹni tó ń ya plánì nìkan ló fẹ́ẹ̀ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. A ti sún àtẹ̀gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ torí sọkawé, pẹ̀lú àṣẹ, ó wá yẹ kó ya plánì tuntun bí ilé ṣe rí gan-an lẹ́yìn tó parí, ó gbowó tán kò gbé fóònù mọ́, ẹlòmíì ló padà bá wa yà á. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n wá yẹ ilé wò lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n yẹ irin ìdìmú àtẹ̀gùn wò, wọ́n wo ohun ìpaná tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìwé sì jáde.

Ìnáwó àti ìdúró ẹ̀ ò já sásán lójú tèmi, mo tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá di ti ilé míì. Ojúlówó ìwé wà lọ́wọ́ màmá, ẹ̀dà ẹ̀ wà lọ́dọ̀ lọ́yà wa, tẹ́náǹtì òkè náà sì ní kí wọ́n fi han òun kó tó sanwó.