Omi ìwẹ̀ lásìkò ọyẹ́: kẹ́tùlù, boiling ring, wọ́tà hítà àbí gáàsì?

Bí ọyẹ́ bá ti wọlé sí Abẹ́òkúta, ta ló fẹ́ fi omi táǹkì wẹ̀ ní ìdájí? Kí ẹ tó gba Kútọ̀ tàbí Pàńṣẹ́kẹ́ lọ ra ohun tí ẹ ó fi máa gbé omi kaná, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìwẹ̀ kan, lítà 20, kò gbà tó ìdajì yúnìtì kó tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Yúnìtì tó bá lé lórí ìyẹn, omi tí ẹ mú gbóná jù tàbí tí ẹ kò lò ló jẹ ẹ́.

Kẹ́tùlù oníná ni mo fi ṣíwájú fún ẹni kan tàbí ẹni méjì. Ẹ ra èyí tó gba nǹkan bíi lítà 1.8, tó ń pa ara rẹ̀ bí omi bá ti hó. Ẹ da kẹ́tùlù méjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ fi omi tútù kún un. Bí omi táǹkì bá wà ní 24°C, àpòpọ̀ yẹn á sún mọ́ 38°C, ó sì tó ara í wẹ̀.

Owó boiling ring, irin oníná tí a ń fi sínú omi, ló kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a fi ń lò ó ló ń gbọ́n yúnìtì dànù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á fi sínú àbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọn á fi sílẹ̀ títí yóò fi máa hó yaya. Lítà 10 tó hó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ yúnìtì kan. Bí ẹ bá ti ní in, ẹ fi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún. Èyí tó jẹ́ 1000W, ìṣẹ́jú 25 ti tó o. Kì í dá pa ara rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tọ́ omi náà wò láìyọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì lò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onírin láéláé. Ilé tí ọmọ kéékèèké wà, n kò ní rà á síbẹ̀.

Wọ́tà hítà onílítà 50 ń jẹ bíi yúnìtì méjì kó tó dé 60°C. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló wẹ̀, ìyókù á tutù, ẹ ó tún san án lọ́la. Ilé tí ènìyàn márùn-ún ti ń wẹ̀ tẹ̀léra ló yẹ, kí oníná tó mọṣẹ́ sì so ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (wáyà tó ń gbé iná tó bá jò wọ ilẹ̀) dáadáa. Èyí tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀ sábà máa ń ju 3000W lọ: jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e.

Gáàsì dára fún agbo ilé ńlá àti àdúgbò tí iná kò dúró. Bí ìkòkò bá fẹ̀ nídìí, tí ẹ sì dé e, kílò gáàsì kan lè mú omi bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì 15 lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ pín owó kílò kan sí 15, kí ẹ fi wé ìdá kan nínú mẹ́ta owó yúnìtì tó wà lórí rìsíìtì yín, torí nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta yúnìtì ni bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ń jẹ. Ẹni tó wà ní Band A, ìsọ̀rí àwọn tí iléeṣẹ́ iná ń fún ní iná jù lọ, tí owó rẹ̀ fò sókè ní oṣù Kẹrin 2024, gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, iná ló máa ń dín owó kù fún un, tó bá wà.

Èédú? Ìta gbangba nìkan. Èéfín rẹ̀ nínú yàrá tí a tì pa ń pani láìrùn.

Táǹkì dúdú tó dojú kọ oòrùn sì máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wẹ àwọn ọmọ nígbà náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun.