Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí róòsì yín ń kú lọ: ẹ ṣọ́ra fún oògùn inú ìgò àti róòsì tí kò ní gbòǹgbò

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ní oògùn tó ń jí róòsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fún un lówó. ₦46,000 ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ èmi àti ìyá mi n'Ìbàdàn, díẹ̀ ló sì kù kó pa igi tó ní òun wá wò sàn.

Láti ọdún 2016 ni igi náà ti wà níwájú ilé Màmá. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já òdòdó rẹ̀. Nígbà tí òjò pọ̀, àmì dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ewé, ewé ń pọ́n, ó ń já bọ́, títí ìdajì igi fi ṣófo. Mo rí ọkùnrin yìí lórí Facebook. Ó dé ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Màmá, ó ń pè wọ́n ní "Mọ́mì mi". Ewé kan ṣoṣo ló fọwọ́ kàn tó fi ní kòkòrò ti wọ gbòǹgbò. Ló bá yọ ìgò kan jáde: ₦16,000, láti Holland.

Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ lára ìgò náà, kò sí nọ́ńbà NAFDAC, bẹ́ẹ̀ sì ni NAFDAC ló ń forúkọ oògùn apakòkòrò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó ní ká máa dà á sídìí igi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ká má bu omi là á. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ, etí ewé tó kù ti gbẹ bí èyí tí iná rà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ gbóòórùn ìgò náà, wọ́n ní yùríà ni. Bí irú ajílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò ní rí omi fà, omi tó wà nínú rẹ̀ gan-an yóò máa jáde.

Ọkùnrin náà padà wá, ó ní igi ti kú, ká hú u. Màmá kọ̀. Ó wá ta òmíràn fún wa ní ₦30,000, òdòdó mẹ́rin ló ti là lórí rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni gbogbo rẹ̀ tẹrí ba. Mo fà á sókè, ó sì tẹ̀ lé mi lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́: ẹ̀ka tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ni, wọ́n kàn fi gún iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá dúdú. Nígbà tí mo pè é, ó ní kí n fi ₦7,000 kún un kí òun fún mi ní irúgbìn róòsì aláwọ̀ búlúù. Mi ò san án. Láti ọjọ́ yẹn, ìpè mi kò wọlé sí i mọ́.

Ẹ gbọ́ o, kò sí irúgbìn róòsì búlúù níbì kankan. Róòsì kò ní èròjà tó ń mú òdòdó di búlúù. Ilé iṣẹ́ Suntory ní Japan fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tiwọn ní 2009, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ àlùkò ju búlúù lọ. Òdòdó gígé ni wọ́n ń tà, kì í ṣe irúgbìn.

Ẹ̀gbọ́n ló gba igi Màmá là, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Wọ́n fi èékánná họ èèpo rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, èyí tó fi hàn pé ẹ̀mí ṣì wà níbẹ̀. A da omi púpọ̀ sídìí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí yùríà lè ṣàn lọ. Wọ́n gé àwọn ẹ̀ka tó kú títí wọ́n fi dé ibi tí mùdùnmúdùn inú rẹ̀ funfun. Èèhù kan wà tó ń ta láti abẹ́ ibi tí wọ́n ti so ẹ̀ka róòsì náà mọ́ ìdí róòsì mìíràn. Mo ti ń yọ̀ sí i tẹ́lẹ̀, àṣé oúnjẹ igi ló ń jẹ. Wọ́n fà á ya. A ṣa gbogbo ewé tó já sílẹ̀ dànù, nítorí òjò tó ń ta láti ara wọn ló ń gbé àrùn àmì dúdú padà sókè. Ní báyìí, ìdí nìkan la ń bomi rin, láàárọ̀, a kì í wọ́n ọn sórí ewé. Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà dáadáa la sì fi yí i ká. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èèhù mẹ́ta yọ, pupa ni ewé wọn, bí ewé róòsì tuntun ṣe máa ń rí.

Bí ẹ bá fẹ́ ra róòsì, ẹ rọra di ìdí rẹ̀ mú kí ẹ fà á díẹ̀. Bó bá mì dùgbẹ̀dùgbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ihò abẹ́ ọ̀rá bóyá gbòǹgbò ń yọ níbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta òdòdó létí títì yọ tiwọn kúrò nínú ọ̀rá lójú mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, gbòǹgbò funfun ló yí iyẹ̀pẹ̀ ká. Irú wọn ni kí ẹ rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ kí ẹ tó fojú rí igi.

Mo tún rí àwòrán róòsì búlúù yẹn lánàá, orúkọ mìíràn ni ọkùnrin náà ti fi gbé e jáde. Ẹni tó bá ti ra ìgò náà, kó má da ẹ̀kán kan sídìí igi rẹ̀ mọ́. Kó yára da omi sídìí igi rẹ̀ lónìí.