Kántà àti Ìbòrí Ògiri Ilé Ìdáná: Èwo Ni Kí A Rà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra kántà ilé ìdáná sábà máa ń wo àwọ̀ àti dídán rẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ojú kántà ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, bí kò ṣe etí rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, àti ibi tí wọ́n gé láti fi síǹkì sí. Ibẹ̀ ni kí olùrà yẹ̀ wò kí ó tó sanwó.

Fọ́míkà ló fi èyí hàn jù lọ. Awọ tín-ínrín tó wà lókè rẹ̀ kì í fa omi, ó sì rọrùn láti nù, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun igi tí a fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ló wà nísàlẹ̀. Bí omi bá rí àlàfo kékeré wọlé, igi náà á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́, bó tilẹ̀ gbẹ. Ẹ fi ìka tọ́ ẹ̀bá síǹkì lórí fọ́míkà tó ti pẹ́, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ti ga díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Síbẹ̀, owó rẹ̀ kéré, kò sì béèrè ìtọ́jú púpọ̀. Bí káfíńtà bá fi sílíkọ́ọ̀nù, ìyẹn gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí omi kì í wọ̀, dí gbogbo ojú tí ó gé, n kò rí ìdí tí a ó fi fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Gíránáìtì àti quartz ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣì mú fún ara wọn. Inú àpáta ni wọ́n ti ń la gíránáìtì, ṣùgbọ́n òkúta lílọ̀ ni quartz tí wọ́n ń tà fún kántà, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100, tí wọ́n fi resin, ìyẹn gọ́ọ̀mù oníkẹ́míkà tó máa ń le, lẹ̀ pọ̀. Resin yìí ni kì í jẹ́ kí quartz fa epo tàbí omi, tí kò fi nílò sealer, ìyẹn oògùn tí a ń kùn sójú òkúta láti dí ihò rẹ̀. Òun náà ni kò jẹ́ kí ó gba ìkòkò gbígbóná, nítorí ooru tó bá kọjá nǹkan bí 150°C lè fi àpá sí i lára, àpá bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣí. Gíránáìtì fara da ooru jù ú lọ, àmọ́ ó ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí, ìdí nìyí tí a fi ń fi sealer kùn ún. Ẹ kán omi díẹ̀ sí i, kí ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Bí omi náà bá ṣì dúró gbíndín bí ìgbà tí ó wà lórí ewé kókò, kò tíì sí ìyọnu. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣú, ó ti tó àkókò láti tún un kùn.

Ohun kan wà tí olùtajà kì í sábà sọ: eruku tó ń jáde bí wọ́n bá ń gé quartz ní gbígbẹ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró òṣìṣẹ́ jẹ́, ó sì wà lára ohun tó mú kí Ọsirélíà fòfin de irú quartz yìí láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024. Kì í ṣe ẹni tó ń dáná lórí rẹ̀ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gé e nínú ilé yín.

Mábù lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan á jẹ ojú rẹ̀, sealer kò sì lè dí i lọ́wọ́. Kí ẹni tí kò lè fara mọ́ àpá má rà á. Kántà igi fẹ́ òróró déédéé, pàápàá lẹ́bàá síǹkì. Irin tí kì í dípẹtà kò bẹ̀rù iná, ṣùgbọ́n ó ń ha, oògùn ìfọṣọ oní-chlorine sì lè jẹ ẹ́.

Ní ti ògiri, táìlì fúnra rẹ̀ kì í ṣòro. Ohun tí a fi dí àárín rẹ̀ ni. Èyí tí a fi símẹ́ńtì ṣe máa ń mu epo lẹ́yìn sítóòfù títí á fi dúdú, nígbà tí ti epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù líle tí a ń pò pọ̀, kì í mu ún, bó tilẹ̀ wọ́n jù, tó sì ṣòro lẹ̀ jù. Táìlì ńlá dín ojú ìsopọ̀ kù. Gíláàsì kò ní ìsopọ̀ púpọ̀ rárá, ṣùgbọ́n èyí tí a fi iná mú le ni kí ẹ rà, kò sì ṣeé gé tàbí lu mọ́ bí wọ́n bá ti mú un le tán. Nítorí náà, kí kántà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà ní àyè wọn kí wọ́n tó wá wọn ògiri.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, sílíkọ́ọ̀nù ni kí wọ́n fi dí ibi tí kántà ti pàdé ògiri, kì í ṣe símẹ́ńtì, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù onígi máa ń sún díẹ̀díẹ̀, símẹ́ńtì á sì sán. Bí sílíkọ́ọ̀nù náà bá dúdú, ẹ fi ọ̀bẹ yọ èyí tó ti gbó kúrò pátápátá, kí ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó fi tuntun sí i. Tuntun tí a bá lẹ̀ lé ògbólógbòó lórí kì í pẹ́ ṣí.