Oṣù mẹ́fà pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń mọ, tó tún ń gbẹ́

Ihò tí bíárìn, òrùka irin tó ń jẹ́ kí nǹkan yí geere, ń wọ̀ ló mú mi ra ẹ̀rọ yìí. Bíárìn 608 tí mò ń lò, mílímítà 22 ni òbìrí rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Tí mo bá fi ẹ̀rọ 3D mi àtijọ́ ṣe ilé fún un, ihò náà kì í ju 21.7 lọ, inú rẹ̀ a sì rí gbágungbàgun. Sáńpépà ni màá máa fi ha á títí apá á fi máa ro mí.

Ẹ̀rọ tuntun yìí ń yọ́ ike, ó ń tò ó léra bí amọ̀kòkò ṣe ń fi amọ̀ lé amọ̀. Tó bá tò ó tán, màá pààrọ̀ orí rẹ̀, ọbẹ á wá gé e dé ìwọ̀n. Ẹ̀rọ LASERTEC 65 3D ti ilé iṣẹ́ DMG Mori ń ṣe irú rẹ̀ fún irin: lésà ń yọ́ ìyẹ̀fun irin, ọbẹ ń gé e nínú ẹ̀rọ kan náà. Tèmi kò ju ike àti igi lọ.

Mílímítà 21 ni mò ń ya ihò náà báyìí, kí ọbẹ lè rí nǹkan gé. Ìpele ògiri rẹ̀, mẹ́fà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbìyànjú, méjì ni mo fi sí i. Ó kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó fàya, inú rẹ̀ tó dà bí afárá oyin hàn síta. Ooru náà tún wà ńbẹ̀. PLA, irú ike tí mò ń lò, ti ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C, nítorí náà bí ọbẹ bá ń yí kíákíá tí kò tètè kúrò lójú kan, ike á yọ́ mọ́ ọn lára. Ọbẹ ẹlẹ́nu kan ni mò ń lò. Mo dín yíyí rẹ̀ kù, mo jẹ́ kó máa sáré lọ síwájú. Bí ohun tó ń fò jáde bá dà bí èérún búrẹ́dì, ó dára. Bó bá ń fà bí òwú, ẹ tètè dá a dúró.

Ohun tó bí mi nínú ni pé ìwé tó bá a wá sọ pé kò ní gbàgbé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá pààrọ̀ orí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ń yẹ̀, nígbà míì tó mílímítà 0.3, iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ á sì bàjẹ́ lójú ẹni. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Mo wá ń mọ òpó kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà; bí mo bá pààrọ̀ orí tán, màá fi ọbẹ kàn án lọ́tùn-ún, lósì, níwájú, lẹ́yìn. Àárín rẹ̀ ni òdo mi, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n. Bí iná bá sì lọ nígbà tó ń gbẹ́, àtìbẹ̀rẹ̀ ni o.

Ẹni tó jẹ́ igi nìkan ló fẹ́ gbẹ́, kó ra èyí tó ń gbẹ́ nìkan. Ìyẹn lágbára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tèmi, n kò ní fi í sílẹ̀. Bíárìn tí mo ṣe ilé fún lánàá, àtàǹpàkò ni mo fi tì í wọlé. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n, kò jábọ́.