Kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ọmọ mi ṣe lórí lílo sóṣíà mídíà

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí kọ́ọ̀sì yìí, kí n tó sọ bóyá ó dára.

Ìyá ọmọ kan tí òun àti ọmọ mi jọ wà ní kíláàsì ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ rẹ̀ sunkún ní ilé ìwé, ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún, fọ́tò náà sì ti wọ gúrúùpù WhatsApp mẹ́ta kí ilé ìwé tó parí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 15, kọ́ ló yà á. Òun ló fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù kejì. Nígbà tí mo bi í, ohun tó sọ ni pé, "Dádì, èmi kọ́ ni mo yà á o, mo kàn fọ́wáàdì ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Èmi tí mi ò jẹ́ gbé fọ́tò oníbàárà sórí Instagram láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò kọ́ ọmọ mi rí pé ẹni tó gbé nǹkan kiri náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Bí mo ṣe wá kọ́ọ̀sì kiri nìyẹn. Èyí tí mo rí jẹ́ ti àwọn ọmọ ọdún 13 sí 17: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, wákàtí méjì ní ọjọọjọ́ Sátidé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é, torí mo ti kọ ẹ̀dùn mi sí wọn, wọ́n sì ní àwọn máa tún un ṣe. Agbẹjọ́rò ni obìnrin tó kọ́ wọn, "Àǹtí" sì ni gbogbo wọn ń pè é. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn ọmọ mi níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí mi.

Ọjọ́ orí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé yóò sú wọn, ṣùgbọ́n Àǹtí kọ́kọ́ béèrè pé ta ló purọ́ ọjọ́ ìbí nígbà tó ń ṣí àkáǹtì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló nawọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ṣàlàyé ibi tí 13 tí àwọn áàpù ń béèrè ti wá: òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998 ni kò jẹ́ kí ilé iṣẹ́ gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé 13 àfi tí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018 fi ti wọn sí 16, ó sì gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láàyè láti fà á wálẹ̀ dé 13. Ní Ọsirélíà, láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2025, ọmọ tí kò tíì pé 16 ò gbọdọ̀ ní àkáǹtì lórí àwọn ìkànnì ńláńlá. Ilé iṣẹ́ ni ìtanràn ń já lé lórí, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe òbí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wọ àwọn ọmọ náà létí jù: tí o bá kọ ọ́ pé o ti dàgbà, bí àgbàlagbà ni áàpù náà yóò ṣe máa bá ọ lò. Ìpolówó ọjà àwọn àgbà ni wàá máa rí, àwọn ààbò tí wọ́n ṣe fún ọmọdé kò sì ní bò ọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi lọ tún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe. Èmi kọ́ ni mo rán an.

Ọ̀sẹ̀ kejì dá lórí páásíwọ́ọ̀dù. Ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́ ọ rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni tèmi. Àǹtí ní kí wọ́n ṣe fídíò kékeré kan, kí wọ́n sì kọ orísun gbogbo fọ́tò àti orin tó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tí wọ́n gbà. Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ọ̀kan kọ "Google" sí iwájú gbogbo fọ́tò. Òmíràn ní òun ti dárúkọ ẹni tó kọ orin, ó parí. Pẹ̀lú sùúrù ló fi ṣàlàyé pé ojú ọ̀nà ni Google, òun kọ́ ló ni fọ́tò, àti pé dídárúkọ olóhun kì í ṣe gbígba àṣẹ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà àdéhùn Berne ti 1886 ni ẹ̀tọ́ àdàkọ ti kúrò ní ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, àti pé lónìí, bí èèyàn bá ti ń ya fọ́tò tán báyìí ni ẹ̀tọ́ náà ti di tirẹ̀ láìsí pé ó forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ó fi àwọn àṣẹ Creative Commons hàn wọ́n, èyí tí olóhun fi ń sọ ṣáájú bí aráyé ṣe lè lo iṣẹ́ rẹ̀: BY, kí o dárúkọ olóhun, NC, kí o má fi ṣòwò, ND, kí o má tún un ṣe. Ogún ọdún ni mo ti fi ń bá àwọn tó ń jí fọ́tò mi jà, mi ò gbọ́ kí ẹnìkan ṣàlàyé rẹ̀ tó báyìí rí.

Lẹ́yìn kíláàsì, ọmọ mi bi mí pé fọ́tò ìgbéyàwó tí mo yà, ta ló ni ín? Mo ní èmi ni mo ni fọ́tò, ṣùgbọ́n ìyàwó ló ni ojú tó wà nínú rẹ̀. Ó dákẹ́. Mo mọ ojú ẹni tó ń rò.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àǹtí sọ ìtàn ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2010, yìnyín ti pápákọ̀ òfuurufú kan pa, inú bí i, ó sì kọ ọ́ sórí Twitter, bí ẹni ń ṣàwàdà, pé òun máa fi bọ́ǹbù fọ́ ọ. Wọ́n mú un, wọ́n dá a lẹ́bi, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga tó fagi lé ẹ̀bi náà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín nígbà tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi iṣẹ́ tó bọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló le jù, Àǹtí kò sì fi bò fún wọn. Fọ́tò ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé 18 lè di ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn fún ẹni tó tọ́jú rẹ̀ tàbí tó fi ránṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kódà tó bá jẹ́ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ya ara rẹ̀. Ó fi Take It Down hàn wọ́n, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń bá ọmọ yọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ìkànnì, tí NCMEC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ń bójú tó. Fọ́tò kì í kúrò lórí fóònù. Fóònù ló ń ṣírò àmì kan láti ara rẹ̀ bí ìtẹ̀ka, àmì yẹn nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìkànnì tó ti bá wọn dá májẹ̀mú.

Ibí ni ẹ̀dùn mi wà. Iṣẹ́ yẹn ò lè rí inú ibi tí wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ pa bíi WhatsApp, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á nìkan ló lè rí i, inú WhatsApp sì ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ń gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, "má gbé e sórí ìkànnì" ni wọ́n ń kọ́ wọn, bí ẹni pé ìta gbangba ni gbogbo nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní fọ́wáàdì. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ọmọ máa ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tó bá ti ṣàṣìṣe tán. Èmi ni mo fi han ọmọ mi pé WhatsApp fún un ní ọjọ́ méjì ó lé díẹ̀ láti pa ohun tó fi ránṣẹ́ rẹ́ fún gbogbo èèyàn, àti pé ẹni tó bá ti tọ́jú rẹ̀ ti tọ́jú rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mo sọ fún un pé ọfà méjì tó máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ó jẹ́ ibi tí yóò ti dúró. Nínú ìdánwò ìkẹyìn, ó gba 18 nínú 20. Ìbéèrè kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀ nípa ohun tó gbé e dé kíláàsì náà.

Ohun kejì: ìpàdé àwọn òbí, ọ̀sẹ̀ kẹfà ni wọ́n fi sí, ìdajì wákàtí péré. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló yẹ kó wà.

Síbẹ̀, owó tí mo san kò dùn mí. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé ìparí rẹ̀, ọmọ mi lọ bá ọmọbìnrin tó sunkún yẹn, fóònù kọ́ ló fi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, mi ò sì bi í. Àbúrò rẹ̀ ti pé 13, mo ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìpele tó ń bọ̀. Mo sì ti kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n yọ̀ǹda wákàtí kan fún mi ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kí n wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú fọ́tò. Mo ṣì ń retí èsì.