Kíìtì Annexin V tí mo fi wo bí yíìsì ṣe ń para ẹ̀: ó dáa o, àmọ́ ẹ gbọ́ temi kẹ́ ẹ tó rà á

Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnì. Iṣẹ́ kíìtì yìí ò lọ́jú pọ̀: ọ̀rá kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ phosphatidylserine, inú ló máa ń kọjú sí, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń para ẹ̀ ló máa ń yọ síta, Annexin, ìyẹn purotéènì inú kíìtì yìí tí wọ́n so àwọ̀ mọ́, á wá lẹ̀ mọ́ ọn, á máa tàn gíríìnì. Propidium iodide, àwọ̀ kejì tó pupa, ní tiẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí awọ ẹ̀ ti ya ló ń wọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwé ìlànà inú páálí ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹranko ni wọ́n kọ ọ́ fún. Yíìsì ní ògiri lára, Annexin ò sì lè gba ibẹ̀ kọjá, àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ẹ́ńsáìmù zymolyase jẹ ògiri yẹn kúrò. Ìyẹn mo mọ̀. Ohun tí mi ò fura sí ni pé bọ́fà wọn, ìyẹn omi tí wọ́n ń fi po sẹ́ẹ̀lì, ò ní sorbitol nínú (nǹkan bíi ṣúgà tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tí ò ní ògiri mọ́ fa omi wú), mo ṣáà dà á lé wọn lórí, ká tó wí ká tó fọ̀ wọ́n ti wú, wọ́n ti bẹ́, mo bojú wo máíkírósíkóòpù, gbogbo ẹ̀ pupa yòò, títí kan àwọn tí mi ò fi acetic acid, ásíìdì tí mo fi ń pa wọ́n, kàn rárá! Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko, ó wọgbó. Ìgbà tí mo wá fi sorbitol 1.2 M sí bọ́fà yẹn ni mo tó rí nǹkan: gíríìnì tín-ín-rín yí etí sẹ́ẹ̀lì po bí òrùka, inú ẹ̀ ṣókùnkùn.

Mo dán an wò dáadáa o. Yíìsì tí wọ́n ti yọ jíìnì CHO1 ẹ̀ ò lè ṣe phosphatidylserine, gíríìnì ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn lára ẹ̀, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé kíìtì ò purọ́. Àwọn tí ò ní YCA1, jíìnì kan tó máa ń ti yíìsì láti para ẹ̀, gíríìnì tiwọn dínkù nínú acetic acid 80 mM, àmọ́ kò tán, torí ọ̀nà ikú yíìsì ju ẹyọ kan lọ. Jíìnì ISC1 tó ń gé ọ̀rá sphingolipid di ceramide ló wá yà mí lẹ́nu jù, ẹ yọ ọ́ kúrò, acetic acid ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí wọn gbé ṣe, ẹ wá gbé hydrogen peroxide dé, wọ́n á máa kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Èyí tó bá gíríìnì tó tún pupa, ẹ má kà á mọ́ tòótọ́, awọ tó ti ya, Annexin lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ sorbitol sínú ìwé yẹn ni màá fi ìkẹrin kún un.